Bẹ́líìtì àti Kẹ̀kẹ́

Ní ilé ìwòsàn, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìrìn ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi, ìyàwó mi ń rìn, kò sì kúrò lójú kan. Wọ́n ti lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, bí ẹni rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di irin iwájú mú. Mo jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àpò rẹ̀ wà lórí itan mi.

"Màmá, báwo ni?" Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ló béèrè.

"A dúpẹ́."

Ó tẹ nǹkan kan. Iwájú bẹ́líìtì gbéra sókè díẹ̀, bí ọ̀nà tó fẹ́ gun òkè. Ó sì yára sí i.

"Màmá, ẹ má di irin yẹn mú jù. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ gbé ara yín, ọkàn yín ò ní ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. O kú iṣẹ́."

Kò fi irin sílẹ̀.

"Ṣé àyà ò dùn yín?"

"A dúpẹ́."

Mo mọ "a dúpẹ́" ìyàwó mi. Ogójì ọdún la ti jọ wà. Èyí tó jáde geerege wà. Èyí tí èémí gé sí méjì náà wà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, èémí gé e sí méjì.

"Kò lè mí dáadáa," mo wí.

Ọkùnrin náà ò wẹ̀yìn. Ilà tó ń sáré lójú ẹ̀rọ ló ń wò. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń rìn sọ tẹnu ẹ̀."

"Má dá a lóhùn," ìyàwó mi wí. "Dírẹ́bà ni. Kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn wakọ̀ lójú òun."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó tún gbé bẹ́líìtì sókè. Kò pẹ́ rárá, ìyàwó mi ní orúnkún òun ti ń pariwo, kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n dá a dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ọkùnrin náà fa ìwé gígùn kan yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kò sí nǹkan," ó wí.

Gbólóhùn kékeré ni. Ó bá wa délé, ó sì jókòó.

Ọmọ wa obìnrin ló lóyún. Àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Ìlú míràn ló ń gbé, ní àjà kẹrin ilé kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni ló ń gbéni débẹ̀. Ìyàwó mi ti ṣèlérí pé òun á wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó bí. Ó ti rán aṣọ ọmọ sílẹ̀, funfun gbogbo, nítorí wọn ò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oyún náà ti yọ ni ara ìyàwó mi kò ti lélẹ̀. Ó ń làágùn lójú oorun. Bó bá tẹ maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ díẹ̀, á dákẹ́, á máa wo ojú fèrèsé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún. Oníṣègùn eyín yọ eyín kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò gbọ́. Dókítà wa wá ní òun ò ní yọ̀ǹda kó rìnrìn àjò, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ yẹ ọkàn rẹ̀ wò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ sídìí bẹ́líìtì.

Láti ibùdókọ̀ ni ìyàwó mi ti pe ọmọ lórí fóònù, bí a ti ń padà sílé.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan!"

Mo gbọ́ ohùn ọmọ látinú fóònù, ó ń hó. "Mo sọ fún Bàámi! Àníyàn ni Bàámi fi ń jẹun. Màmi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni mo tún ń dúró ṣe?"

Ó pa fóònù, ó wò mí. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí a mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò rẹ́rìn-ín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ka ìwé náà, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà.

"Ta ló sọ fún yín pé kò sí nǹkan, Màmá?"

"Oníbẹ́líìtì ni."

"Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kò sí nǹkan tó hàn títí dé ibi tí ẹ rìn dé. Ẹ ò sì rìn jìnnà. Ọkàn yín ò tíì lù dé ibi tó yẹ kí ọkàn ẹni ọjọ́ orí yín lù dé, kí á tó lè dájọ́."

"Dókítà, kò sí, kò sí náà ni. Àbí 'kò sí' pé méjì ni?"

"Ó pé méjì, Màmá. Èyí tí a wá tí a ò rí wà. Èyí tí a ò wá débẹ̀ wà. Tiyín, a ò tíì débẹ̀."

Ìyàwó mi wo òrùlé.

Dókítà bá ṣàlàyé fún wa díẹ̀díẹ̀. Ó ní bẹ́líìtì dára, nítorí kò sẹ́ni tí ò mọ ìrìn. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná tó ń lu ọkàn nìkan ni wáyà yẹn ń kà. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí iṣan ọkàn wọn dí, ó lè jẹ́ kí bíi mẹ́ta kọjá láìmú wọn. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ó tún lè mú ẹni tí ò jẹ̀bi. Ó ní ọ̀nà míràn wà: kẹ̀kẹ́.

"Ẹ ó fẹ̀yìn tì, ẹ ó máa wà á. Àyà yín ò ní máa jù síwá jù sẹ́yìn bíi ti orí bẹ́líìtì. Nítorí náà a ó lè gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán lé e. Bí iṣan kan bá dí, ibi tí iṣan yẹn ń bọ́ lára ọkàn á máa lọ́ra bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ fún un. A ó fi ojú rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe é?" mo bi í.

"Bàbá, itan ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kú lórí kẹ̀kẹ́ kí ọkàn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí itan bá ti kú, kẹ̀kẹ́ náà á ní kò sí nǹkan. Bí ẹsẹ̀ ò bá ṣeé lò rárá, a máa ń fa oògùn sí iṣan láti fi lé ọkàn sáré. Ṣùgbọ́n kí èèyàn fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ló sàn jù."

Mo wo ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Kí ọmọ wa tó dáyé ló ti ń tẹ pẹ́dà maṣíìnì.

"Itan tirẹ̀ ò ní kú," mo wí.

"Ẹ gbọ́ Dírẹ́bà," ìyàwó mi wí. "Ó ti sọ itan mi di táyà."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fún wa ní ọjọ́. Ọjọ́ náà bọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ tí ìyàwó mi fẹ́ rìnrìn àjò.

Lóde, ó dúró lẹ́bàá títì, ó kọjú sí mi.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan, ẹ̀yin ní ẹ ń wá nǹkan. Ẹni bá ń wá nǹkan lójú méjèèjì, á rí i dandan. N ò lọ sídìí kẹ̀kẹ́ kankan."

Mi ò bá a jiyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, títí ojú mi fi ṣú. Ọkọ̀ tó ń dún jẹ́ẹ́ ní gáréèjì ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Di ẹrù sí i, kí o gbé e dé ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ló ti máa ń jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í fi ọwọ́ di irin mú, kì í sì í dúpẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́. Àpò ńlá dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi aṣọ bo maṣíìnì, ó so ó nísàlẹ̀ kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ọmọ ń pè ní àràárọ̀. Bí mo bá gbé fóònù, á ní, "Bàámi, ẹ má dá Màmi dúró o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ọmọ-ọmọ wọn." Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀túnla, a jọ jáde lọ ra òwú àti ọṣẹ ọmọdé. Àjà kẹta là ń gbé. Nígbà tí a ń padà bọ̀, èmi gbé ọṣẹ, òun gbé òwú. Òwú ò wúwo.

Ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́ lórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan bàtà rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nàró. Ní ibi ìsinmi kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó fi èkejì sídìí bàtà. Ọrùn rẹ̀ tutù fún òógùn.

Mo gbé ọṣẹ sílẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Kí lẹ jókòó ṣe?" ó wí.

"Kí lò ń ṣe sí bàtà yẹn?"

"Ó fẹ́ yọ ni. Mò ń tún okùn ẹ̀ so."

"Bàtà yẹn ò ní okùn."

Ó wo bàtà náà. Sílípáàsì rọ́bà ni, èyí tí èèyàn kàn ń ti ẹsẹ̀ bọ̀. Kò ní okùn, kò ní ìdè, kò ní nǹkan kan tí èèyàn lè tún so. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni pé àtàárọ̀ ni ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ òun lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Mo wí nídìí bẹ́líìtì. O ní dírẹ́bà ni mí."

Ó jókòó tì mí. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Aládùúgbò kan ń bọ̀ láti òkè pẹ̀lú garawa, ó kí wa, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Ìyàwó mi ní a dúpẹ́. Aládùúgbò kọjá.

"Bí wọ́n bá rí nǹkan, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ," ó wí. "Ọmọ yẹn á bímọ láìsí mi."

"Bí o bá wá kú sórí àtẹ̀gùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Háà. Ẹnu yín ò dára."

"Kò dára."

Ó ń fi àtàǹpàkò yí òwú náà po lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ bá mi pe ọmọ yẹn. Èmi ò lè sọ ọ́."

Mo pè é níbẹ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ ò ní lè wá lọ́túnla, ó ń lọ sídìí kẹ̀kẹ́. Ọmọ kọ́kọ́ bínú.

"Bàámi, wọ́n ti ní kò sí nǹkan!"

"'Kò sí' méjì ló wà," mo wí. "Èyí tí wọ́n sọ fún wa kọ́ ni èyí tí a gbọ́."

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun tí èémí rẹ̀ ò tíì balẹ̀.

Yàrá kẹ̀kẹ́ kéré, wọ́n sì pa iná rẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pẹ́dà méjì wà ní ìdí rẹ̀. Obìnrin tó ń darí rẹ̀ sanra, ó fi okùn so gíláàsì rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó fi òróró tútù kan pa ìyàwó mi láyà.

"Bàbá, ẹ̀yin lọkọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbé àga yín síbi tí Màmá á ti máa rí yín." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Màmá, òfin kan ló wà nínú yàrá yìí. Níbí, a kì í dúpẹ́."

"Kí lẹ wí?"

"A kì í dúpẹ́. Bí mo bá bi yín pé báwo ni, ẹ sọ ibi tó ń ṣe yín, kí ẹ sọ bó ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ bá délé, ẹ dúpẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Ọ̀ràn dé," ìyàwó mi wí. "Wọ́n ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ti maṣíìnì ìránṣọ, gìgísẹ̀ lọ, ọmọ ìka bọ̀. Èyí ń yípo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ta kókó, lẹ́yìn náà ó bá a mu. Irin tó lè dì mú ò sí níwájú rẹ̀. Obìnrin náà gbé nǹkan bí ọṣẹ lé e láyà, àwòrán yọ lójú ẹ̀rọ.

"Màmá, ibo lẹ ti kọ́ kẹ̀kẹ́?"

"N ò gun kẹ̀kẹ́ rí. Ṣòkòtò ọlọ́ṣòkòtò ni mo fi ẹsẹ̀ rán dàgbà."

Obìnrin náà mú kẹ̀kẹ́ le sí i. Ìyàwó mi ń wà á. Ó tún mú un le. Ó ń wà á. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

"Báwo ni?"

"A d..."

Obìnrin náà gbé ìka kan sókè.

Ìyàwó mi wò mí. Mi ò mi orí. Mo kàn ń wò ó.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi," ó wí. "Ibi tí wọ́n ti yọ eyín. Ó ń fún mi. Ó ti dé apá."

"Apá wo?"

"Òsì."

"Ṣé ó máa ń ṣe yín bẹ́ẹ̀ nílé?"

"Lórí àtẹ̀gùn." Ó mí. "Lójoojúmọ́."

"Ẹ rọra dúró." Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fóònù, ó ń pe dókítà.

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Ọkàn ò jọ bí wọ́n ṣe ń yà á. Ó jọ ẹ̀ṣẹ́ tó ń dì, tó ń tú. Apá kan rẹ̀ ò dì mọ́. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́, òun ń wò wọ́n.

Wọ́n fi oògùn kan há a lábẹ́ ahọ́n. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ìyàwó mi, ẹnu tó mẹ́nu jù ló kó ọ̀ràn bá a.

Nígbà tí oògùn yọ́ tán, ó ní, "Eyín yẹn ò jẹ̀bi. Wọ́n yọ ọ́ lásán."

Wọn ò jẹ́ kó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ọkàn. Iṣan mẹ́ta ló ti dí. Wọ́n fi páìpù kékeré ṣí méjì. Dókítà jáde wá bá mi lórí àga gígùn. Ó ní ẹ̀kẹta ti tín-ín-rín jù, ó sì wọ́, páìpù ò lè gbabẹ̀. Ó ní àwọn á máa fi oògùn dì í mú.

"Yóò dì í mú dé ìgbà wo?"

"A ò mọ̀, Bàbá. A ó máa wò ó."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò purọ́ fún mi.

Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ìyàwó mi wà nígbà tí ọmọ wa bí. Obìnrin ni. Wọ́n gbé fóònù sẹ́nu ọmọ, ọmọ ké. Ìyàwó mi fi fóònù sétí títí ẹkún náà fi dá. Ìyá ọkọ ọmọ wa ló ń wẹ ọmọ náà. Ìyàwó mi ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Mo bá a fa aṣọ bo èjìká.

Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, mo gbé àpò rẹ̀. Ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́ lórí àtẹ̀gùn, kò dúró. Ní ìkejì, ó dúró. Kò bẹ̀rẹ̀. Kò wo bàtà.

"Ó ń fún mi díẹ̀," ó wí. Ẹnikẹ́ni ò bi í.

Mo gbé àpò sílẹ̀. Aládùúgbò onígarawa ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ kú ewu o, Màmá! Ṣé ara ti le báyìí?"

"Ó sàn díẹ̀," ìyàwó mi wí. "Kò tíì le tán."

Aládùúgbò ní kí Ọlọ́run fún un lálàáfíà, ó kọjá. A dúró títí ó fi rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà a gun èyí tó kù.

Iṣan méjì ni wọ́n ṣí. Ẹ̀kẹta ṣì dí.